Ẹ Wọn Epo Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kan Mọ́tò

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ti gba fíríídọ̀mù tí ẹ sì ti dá ṣọ́ọ̀bù tiyín sílẹ̀, inú ń bí mi. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n gbé Corolla kan wá sọ́dọ̀ mi n'Ìbàdàn níbí. Ọmọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá, tí mo sì mọ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ló tún un ṣe. Ó gé sípíríǹgì kí mọ́tò lè wálẹ̀, ó yọ kátálísì, ó jó páìpù gbọọrọ kan dípò sálẹ́ńsà, ó ki fílítà olórí ṣíṣí bọ ẹnu ẹ́ńjìnì, ó sì pààrọ̀ ríìmù. Gbogbo àdúgbò ló ń yìn ín. Bí mọ́tò náà ṣe ń sáré nìkan kọ́ ni wọ́n ń sọ, wọ́n ní ó ti dín epo kù pẹ̀lú. Ẹni tó ni mọ́tò ní ẹ̀rí lọ́wọ́: tẹ́lẹ̀, lítà 40 ń gbé e rin 400 kìlómítà, lẹ́yìn iṣẹ́, lítà 40 kan náà ń gbé e dé 424. Síbẹ̀, owó tó ń ná sórí epo lóṣooṣù kò dín, ńṣe ló ń lé sí i. Ìyẹn ló gbé e wá bá mi.

N kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá. Mo lóṣòó síwájú táyà, mo fi àkísà nu ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀, mo sì ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀: 205/45R16. Táyà tó yẹ kó wà lábẹ́ mọ́tò yẹn ni 195/65R15. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà wọ̀nyí, n kò ní tún un kọ́ yín. Ẹ ṣáà ṣírò ó. Ti àkọ́kọ́ ga tó mìlímítà 634, tuntun yìí kò ju 591 lọ. Táyà tó bá kéré á yí lọ́pọ̀ ìgbà sí i kó tó rin ọ̀nà kan náà, iye ìgbà tó bá sì yí ni aago kìlómítà ń kà. Nígbà tí aago bá pe 100, mọ́tò kò tíì rìn ju 93 lọ. Àṣé 424 tí wọ́n ń pariwo, 395 ni! Mọ́tò náà ń jẹ epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ìdí tí inú ẹni tó ni ín fi dùn nígbà àkọ́kọ́. Táyà kékeré máa ń jẹ́ kí mọ́tò yára gbéra. Bí èèyàn bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn báyìí, á fò síwájú, ariwo páìpù á sì jẹ́ kó dà bíi pé agbára ẹ́ńjìnì ti di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà márosẹ̀, ẹ́ńjìnì ní láti yí sí i kí mọ́tò tó lè rin eré kan náà, epo ló sì fi ń yí. Ara oníbàárà gbọ́ agbára, kò gbọ́ epo. Iṣẹ́ tiwa ni láti bá a gbọ́ èyí tí ara rẹ̀ kò lè gbọ́, ohun kan ṣoṣo tí a sì lè fi gbọ́ ọ ni òṣùwọ̀n.

Ohun tí mo bi ọmọ náà nìyẹn nígbà tí mo pè é lórí fóònù: ìwọ fúnra rẹ, ǹjẹ́ o wọ̀n ọ́n? Ó ní, "Bàbá, mọ́tò náà gbọ́ràn dáadáa." N kò bi í bóyá ó gbọ́ràn.

Kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kan, ẹ bá oníbàárà lọ sí ilé epo. Ẹ kún táǹkì títí ẹnu páǹpù yóò fi já fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe rọ ọ́ kọjá ibẹ̀. Ẹ kọ kìlómítà sílẹ̀. Kó lọ máa lo mọ́tò rẹ̀ bó ṣe ń lò ó lójoojúmọ́, kó tó tún padà sí ilé epo kan náà, ní ẹnu páǹpù kan náà. Mo tẹnu mọ́ páǹpù kan náà nítorí pé bí páǹpù bá ń rẹ́ni jẹ, ìwọ̀n kan náà ni yóò fi rẹ́ yín jẹ lẹ́ẹ̀mejèèjì, ìfiwéra yín kò sì ní bàjẹ́. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti pààrọ̀ táyà, ẹ fi Google Maps orí fóònù yẹ ọ̀nà wò, kí ẹ mọ iye tí aago mọ́tò fi ń parọ́. Ẹ má sọ fún mi pé oníbàárà kò ní sùúrù. Kò sí télọ̀ tó ń gé aṣọ kó tó wọn ara ẹni tó ni ín.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, Peugeot 504 ló ń tún ṣe jù, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna lọ́dún 1975. Kò ní skánà, kò ní kọ̀ǹpútà. Ìgò lítà kan ló ní, àti rọ́bà gígùn kan. Bí awakọ̀ bá ní kó fi kún agbára ọkọ̀ òun, ọ̀gá kò ní kan kabúrétọ̀ rárá. Á yọ rọ́bà táǹkì, á fi ti ìgò náà dípò rẹ̀, a ó sì gbéra títí lítà kan yẹn yóò fi tán, tí ẹ́ńjìnì yóò sì kú sójú ọ̀nà. Èmi ni mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti fi ẹfun sàmì sí ẹ̀gbẹ́ títì. Á tún ṣe é ní àbọ̀, nítorí pé òkè pọ̀ n'Ìbàdàn, ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní àlọ ni gegele ní àbọ̀. (Ẹ má ṣe dán ti ìgò wò lónìí o, iná ni.) Awakọ̀ kan wà tó ta kú pé àfi kí wọ́n fi jẹ́ẹ̀tì ńlá sí kabúrétọ̀ òun. Ọ̀gá kò bá a jiyàn. Ó fi í sí i, a tún gbéra, ọkọ̀ náà sì kú nídìí igi ìyeyè kan tí ẹfun àkọ́kọ́ ṣì wà níwájú rẹ̀ réré. Awakọ̀ náà bọ́ sílẹ̀, ó wo igi, ó wo ẹfun, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ dá tàtijọ́ padà fún mi." Báwo ni ẹnu ìbá ṣe lè yí ọkùnrin yẹn lérò padà?

Ní báyìí tí ọpọlọ mọ́tò ń ṣírò epo fúnra rẹ̀, ẹ rò pé kò sóhun tó kù láti wọ̀n. Ọpọlọ yẹn fúnra rẹ̀, òṣùwọ̀n ló fi ń ṣiṣẹ́. Kílò 14.7 atẹ́gùn sí kílò epo kan ló ń wá, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà lára páìpù ló sì ń sọ fún un bóyá ó ti bá a. Nígbà tí mo wọ abẹ́ Corolla yẹn, mo rí ojú ibi tí wẹ́dà ti jó páìpù, lókè sẹ́ńsọ̀ gan-an. Ihò kan wà níbẹ̀ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, èéfín dúdú sì ti yí i ká. Atẹ́gùn ìta ń gba ibẹ̀ wọlé, sẹ́ńsọ̀ ń rí ọ́síjìn tí kò ti inú ẹ́ńjìnì wá, ó ń ké sí ọpọlọ pé epo kò tó, ọpọlọ sì ń da epo kún epo. Ihò orí abẹ́rẹ́! Kátálísì tí wọ́n yọ ti dé ọwọ́ àwọn tó ń rà á nítorí platinum àti palladium inú rẹ̀, àwọn aráàlú ló sì ń fa èéfín mọ́tò náà símú.

Ti fílítà, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ilé ìwádìí Oak Ridge ní Amẹ́ríkà wọ̀n ọ́n lọ́dún 2009: nínú mọ́tò onínọ́súlù, fílítà tó dí kì í mú kí mọ́tò jẹ epo sí i, ìyára ìgbéra ló ń dín kù. Ọpọlọ máa ń fi epo ṣe déédéé atẹ́gùn tó bá wọlé. Fílítà olórí ṣíṣí tí ẹ ń kì bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì sì rèé, atẹ́gùn gbígbóná ló ń fà.

Tẹmosítáàtì ló ń dùn mí jù. Ẹ ń yọ ọ́ dànù, ẹ ní ilẹ̀ wa gbóná. Ẹ́ńjìnì fẹ́ kí omi rẹ̀ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 80 sí 90 lórí Celsius. Bí ẹ bá yọ ọ́, tí ẹ tún so fáànù mọ́ bátìrì tààrà, mọ́tò lè máa sáré lórí márosẹ̀ kí omi rẹ̀ má gbóná tó bó ṣe yẹ, ọpọlọ á gbà pé òwúrọ̀ ṣì ni, á máa fún un ní epo ẹ́ńjìnì tútù títí dé Èkó. Ẹ̀yin tí ẹ ní skánà, ẹ wo nọ́ńbà ooru omi náà kí mọ́tò tó wọlé, kí ẹ tún wò ó nígbà tó bá ń jáde. Òṣùwọ̀n náà nìyẹn.

N kò sọ pé kí ẹ má fi kún agbára mọ́tò. Agbára lówó lórí, epo ni owó rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ san án, ẹ ṣe é fún un, ṣùgbọ́n ẹ sọ iye rẹ̀ fún un. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ojú oníbàárà kò kúrò lára páǹpù mọ́. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí lọ, lítà kan ti ju 1,000 náírà lọ. Irọ́ kìlómítà 29 lórí táǹkì kan kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tó ń fi mọ́tò jẹun.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra ìwé kan sí ṣọ́ọ̀bù yín lọ́la. Ẹ kọ nọ́ńbà táyà, kìlómítà, lítà epo àti ooru omi mọ́tò kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀ kí sípánà tó kàn án, kí ẹ sì tún kọ wọ́n nígbà tó bá ń lọ. Mọ́tò tí ẹ kò bá wọ̀n lẹ́ẹ̀mejèèjì, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ dín epo rẹ̀ kù.