Igbó Epping Lóṣù Ẹrẹ́nà

Ìbéèrè: Kí ló wà láti wò nínú igbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí igi kò tíì rúwé?

Ìdáhùn: Igbó Epping, tí òfin ọdún 1878 dá sí fún aráàlú, wà létí Lọ́ńdọ̀nù. Lóṣù Ẹrẹ́nà, ẹ̀ka igi ibẹ̀ ṣì wà níhòòhò. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí oòrùn kanlẹ̀. Òdòdó kéékèèké, funfun àti aláwọ̀ ìyeyè, a máa sáré tanná kí òjìji ewé tó dé. Bí kùrukùrù bá ṣú, wọ́n a pa ojú dé. Ilẹ̀ sábà máa ń pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, nítorí náà bàtà òjò ló yẹ. Ní oṣù Igbe, ẹyẹ willow warbler, tí ìwúwo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 10 lọ, a fò dé láti Áfíríkà.