Ẹni Tí Ó Ni Fàdákà Ni Ó Ni Iṣẹ́: Ẹ̀kọ́ Láti Ọ̀dọ̀ Àwọn Alágbẹ̀dẹ Kotagede

Ẹ̀kọ́ tí a ó jọ kà ní ìpàdé oṣù mẹ́ta yìí jẹ mọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà ní orílẹ̀-èdè Indonesia, ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà. Bóyá ẹnìkan yóò bèèrè pé kí ni ó kan àgbẹ̀, ahunṣọ àti aránṣọ nínú iṣẹ́ fàdákà ilẹ̀ òkèèrè. Ó kàn wá. Nítorí pé fàdákà jẹ́ ohun olówó iyebíye, ìbéèrè kan hàn gbangba nínú iṣẹ́ wọn, tí ó máa ń fara pamọ́ nínú tiwa: ta ni ó ni ohun èlò tí a fi ń ṣiṣẹ́? Ẹni tí ó ni ín ni yóò sọ iye tí oníṣẹ́ yóò gbà.

ÌLÚ NÁÀ

Kotagede wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Yogyakarta, ní erékùṣù Java. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, òun ni olú-ìlú ìjọba Mataram, àwọn oníṣẹ́ ọnà sì kóra jọ síbẹ̀ láti máa ṣe ohun ọ̀ṣọ́ fún ààfin. Nígbà tí ààfin ṣí lọ sí ibòmíràn, oníṣẹ́ àti oníṣòwò dúró ti ọjà wọn. Ọ̀sẹ̀ àtijọ́ ti àwọn ará Java jẹ́ ọjọ́ márùn-ún, bí tiwa ṣe jẹ́ mẹ́rin. Ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní Legi ni ọjà Kotagede máa ń kún jù.

Láàrin ọdún 1930 sí 1940, àwọn Dutch tí ń ṣe ìjọba lé wọn lórí nígbà náà fẹ́ràn àwo, ṣíbí àti ohun ọ̀ṣọ́ fàdákà ibẹ̀, iṣẹ́ náà sì gbilẹ̀ gidigidi. Ní 1942 ni ogun dé, àwọn ará Japan gba ilẹ̀ náà, oníbàárà túká, fàdákà sì di ohun àwátì. Ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ kò kúrò nílùú. Ohun tí ọwọ́ náà yóò fi ṣiṣẹ́ ni kò sí mọ́.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É

Ọ̀nà méjì ni a ó mẹ́nu bà. Èkíní ni iṣẹ́ wáyà. A ó yọ́ fàdákà, a ó dà á sí ojú ìdà, a ó sì fi òòlù lù ú gùn. Lẹ́yìn náà a ó máa fà á gba inú ihò ara irin líle, láti ihò ńlá sí kékeré, títí yóò fi tín-ínrín bí òwú. A ó lọ́ okùn méjì pọ̀, a ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, a ó sì ká a bí ewé àti òdòdó sínú férémù tí ó jẹ́ wáyà tí ó nípọn díẹ̀. Ohun tí ó ń mú wọn lẹ̀ mọ́ra ni àdàlù fàdákà mìíràn tí ó tètè ń yọ́, tí a lọ̀ kúnná, tí a sì pò mọ́ borax. Fàdákà gidi máa ń yọ́ nígbà tí iná bá gbóná dé 962 ní òṣùwọ̀n Celsius. Àdàlù náà gbọ́dọ̀ yọ́ kí wáyà tó yọ́. Bí oníṣẹ́ bá gbójú kúrò ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta di ọ̀kan ṣoṣo bí òkúta wẹ́wẹ́.

Ọ̀nà kejì ni iṣẹ́ àlùyọ. A ó fi pẹlẹbẹ fàdákà lé orí ohun kan tí wọ́n ń pè ní jabung, èyí tí wọ́n fi oje igi, búlọ́ọ̀kù amọ̀ tí a lọ̀ àti òróró pò pọ̀. Bí ó bá gbóná, ó rọ̀. Bí ó bá tutù, ó gan, síbẹ̀ kò le jù láti gba òòlù. Orí rẹ̀ ni a ó ti fi irin kéékèèké lu àwòrán jáde. Nígbà tí ó bá parí, èso igi lerak tí ó máa ń hó bí ọṣẹ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ títí yóò fi dán.

TA NI Ó NI FÀDÁKÀ NÁÀ?

Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í ra fàdákà fúnra wọn. Oníṣòwò ńlá, tí wọ́n ń pè ní juragan, ni yóò wọ̀n ọ́n fún wọn. Oníṣẹ́ yóò gbé e lọ sílé, yóò ṣe é, yóò sì dá a padà, a ó tún un wọ̀n. Owó iṣẹ́ nìkan ni a ó san fún un. Ìwọ̀n díẹ̀ wà tí a gbà láyè pé kí ó ṣòfò lójú iná àti lẹ́nu fáìlì. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọrùn oníṣẹ́ ni yóò wà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ pé ènìyàn burúkú ni juragan. Òun ni ó ń wá oníbàárà, òun ni àdánù ń bá bí owó fàdákà bá wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò, kí a lè mọ ìdí tí oníṣẹ́ kò fi lè dá dúró. Ẹ mú ìwé àti bírò.

Ounce ni wọ́n fi ń ta fàdákà lágbàáyé. Ounce kan jẹ́ gíráàmù 31.1. Fàdákà tí a fi òǹtẹ̀ 925 lù túmọ̀ sí pé nínú gíráàmù 1,000, fàdákà gidi jẹ́ 925. Èyí tí ó kù, 75, sábà máa ń jẹ́ bàbà, nítorí fàdákà gidi nìkan rọ̀ jù. Nítorí náà ẹ̀gbà ọwọ́ kan tí ó wọ̀n tó gíráàmù 40 ní fàdákà gidi 37 nínú.

Ní ọdún 2019, ounce kan jẹ́ nǹkan bí 16 dọ́là: fàdákà inú ẹ̀gbà náà jẹ́ nǹkan bí 19 dọ́là. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ounce kan kọjá 50 dọ́là: fàdákà inú ẹ̀gbà kan náà ti tó 60 dọ́là. Òòlù kan náà ni, iná kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni. Ṣùgbọ́n owó tí oníṣẹ́ yóò ní lọ́wọ́ kí ó tó lè bẹ̀rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tí kò bá ní in yóò padà sẹ́nu ọ̀nà juragan, tàbí kí ó yí sí iṣẹ́ bàbà àti idẹ, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ṣe.

KÍ NI ẸGBẸ́ LÈ ṢE?

Indonesia kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ alájẹṣẹ́kù. Abala 33 nínú òfin ìpìlẹ̀ wọn ti ọdún 1945 sọ pé iṣẹ́ àjọṣe bíi ti mọ̀lẹ́bí ni kí ọrọ̀ ajé wọn dúró lé. Ọjọ́ kejìlá oṣù keje ọdún 1947 ni wọ́n ṣe àpérò àkọ́kọ́ ti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Tasikmalaya, ọjọ́ náà sì ni àyájọ́ wọn. Mohammad Hatta, igbákejì ààrẹ wọn àkọ́kọ́, ni wọ́n ń pè ní Bàbá Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù. Ní Kotagede, ẹgbẹ́ kan wà tí a ń fi lẹ́tà KP3Y pè, ìyẹn Ẹgbẹ́ Aṣèmújáde ti Àwọn Oníléeṣẹ́ Fàdákà Yogyakarta. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà, “oníléeṣẹ́.” Gbogbo ẹgbẹ́ ni ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ léèrè: ẹni tí kò ní ju òòlù lọ ńkọ́, ṣé àyè wà fún un láàrin wa?

Ohun mẹ́rin ni ẹgbẹ́ oníṣẹ́ fàdákà níbikíbi lè ṣe.

Èkíní: kí ẹgbẹ́ ní fàdákà tirẹ̀, kí ó sì máa yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ìwọ̀n, kì í ṣe ní owó. Ẹni tí ó gba gíráàmù 500 yóò dá gíráàmù 500 padà. Bí a bá yá a ní owó, tí fàdákà sì gbówó lórí kí ó tó san án, owó tí ó dá padà kò ní lè ra ohun tí ó gbà. Ìwé yóò sọ pé gbèsè ti tán, àpótí yóò sì ti fúyẹ́. Mo ti rí irú rẹ̀ nínú ìwé àwọn ẹgbẹ́ tí ń yáni lówó ajílẹ̀: gbogbo ènìyàn san gbèsè pé, síbẹ̀ àpò ajílẹ̀ tí ẹgbẹ́ lè rà dín kù lọ́dọọdún.

Èkejì: kí ẹgbẹ́ má ṣe yá owó láti kó fàdákà pamọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1979, ounce kan jẹ́ nǹkan bí 6 dọ́là. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1980, ó súnmọ́ 50. Nígbà tí oṣù kẹta ọdún náà ń parí lọ, ó ti já wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 11. Ẹni tí ó fi owó èlé rà á lókè kò rí ilẹ̀ tẹ̀ mọ́. Owó ìpín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni kí a fi rà á, kí ó má sì ju èyí tí wọn yóò lò ní oṣù mẹ́ta.

Ẹ̀kẹta: kí a kó ẹ̀rún jọ. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ọmọ ẹgbẹ́ gba gíráàmù 500. Ọjà tí ó ṣe wọ̀n 470, ẹ̀rún àti gígé jẹ́ 24, òfò jẹ́ 6. Bí ọmọ ẹgbẹ́ 30 bá mú ẹ̀rún wọn wá lóṣù, ó di gíráàmù 720; fàdákà gidi inú rẹ̀ jẹ́ 666. Ní 50 dọ́là lórí ounce kan, ó lé ní 1,000 dọ́là. Bí olúkúlùkù bá tà á fún ẹni tí ń kiri, owó ata ni yóò rí. Ẹyọ ẹyọ ni ọwọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a dì í pọ̀ ni ó gbálẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: kí ẹgbẹ́ dáàbò bo òǹtẹ̀ rẹ̀. Ojú lásán kò lè mọ fàdákà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń pè ní fàdákà Jámánì, àdàlù bàbà, nickel àti zinc tí kò ní fàdákà kankan nínú. Ní àríwá Thailand, àwọn Karen tí ń gbé orí òkè di olókìkí lọ́dọ̀ oníbàárà òkèèrè nítorí pé fàdákà wọn sábà máa ń mọ́ ju 925 lọ. Orúkọ rere yìí ni ó mú kí wọ́n máa ta ohun tí wọ́n fi òòlù lù ní abúlé. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá fi òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ lu ayédèrú, gbogbo ilé ni ó bà jẹ́. Kí òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, kí a sì máa yẹ ọjà wò kí a tó lù ú.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá ọdún 2002, bọ́ǹbù pa ènìyàn 202 ní Bali, àwọn àlejò tí ń ra ohun ọ̀ṣọ́ sì fà sẹ́yìn. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2006, ilẹ̀ mì ní agbègbè Yogyakarta. Ó lé ní 5,700 ènìyàn tí ó kú, ilé àti ibi iṣẹ́ ní Kotagede sì wó. Kò sí ẹgbẹ́ tí ó lè dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó ní owó ìfipamọ́ lè jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ padà sídìí iṣẹ́ láìta irinṣẹ́ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Nínú iṣẹ́ wa níhìn-ín, kí ni “fàdákà” wa? Òwú ni, ajílẹ̀ ni, tàbí ilẹ̀? Ta ni ó ni ín?
2. Ẹ̀yáwó tí ẹgbẹ́ wa fún yín ní ọdún tí ó kọjá, ṣé owó tí a dá padà lè ra ohun tí ó rà nígbà tí a gbà á?
3. Kí ni “ẹ̀rún” tí à ń dànù lójoojúmọ́, tí ìbá di owó bí a bá kó o jọ?
4. Ẹni tí kò ní ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, ṣé ó lè wọ ẹgbẹ́ wa? Bí kò bá lè wọ̀ ọ́, èwo nínú òfin wa ni ó dí i lọ́nà?

Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí ó sì mú un wá sí ìpàdé gbogbogbòò.