Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ẹnìkejì Ẹni Lójú Ọ̀nà

Àwa ará Kétu mọ ọ̀nà rírìn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ná ọjà Ìlárá, Ìmẹ̀kọ àti Pobè, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà kì í jìn lójú ẹni méjì tí ó bá jọ ń sọ̀rọ̀ lọ. Ẹ sì mọ̀ pé ojú ọ̀nà ni a ti ń mọ ìwà ènìyàn. Lónìí, a ó ka ìtàn àwọn ọkùnrin méjì kan.

Hugh Clapperton jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ogun ojú omi, ará Scotland ni. Richard Lander ni ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lander kò tíì pé ọmọ ọdún 22. Ní òpin oṣù kọkànlá ọdún 1825, wọ́n gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí Odò Ọya gbà wọ inú òkun.

Òyìnbó mẹ́ta mìíràn bá wọn wá. Kò pẹ́ tí méjì fi kú. Ẹnì kẹta gba ọ̀nà Dàhòmì, kò sì padà mọ́. Clapperton àti Lander gba Ìjànná, ní apá ìlà-oòrùn wa, wọ́n ń lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé. Wọ́n wọ ìlú náà ní oṣù kìíní ọdún 1826.

Àìsàn bá wọn jà lọ́nà. Lander kò lágbára mọ́. Bí wọ́n bá dé odò tí omi rẹ̀ jìn, tí kò sí ọkọ̀, kò lè lúwẹ̀ẹ́. Kí ni Clapperton ṣe? Ó gbé ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ lé èjìká, ó gbé e sọdá. Ọ̀gá ni ó gbé ọmọ ọ̀dọ̀!

Ẹ̀rín náà wà lọ́nà. Lander ní ìpè kan. Bí ó bá fọn orin ilé wọn, àwọn ará ìlú a péjọ láti gbọ́ ọ. Àwọn Haúsá pè é ní Nasara karami, èyíinì ni òyìnbó kékeré.

Ní Wawa, ní ilẹ̀ Ìbàrìbá, opó olówó kan wà tí ń jẹ́ Zuma. Ó sanra púpọ̀. Ó kọ́kọ́ fẹ́ fi Lander ṣe ọkọ. Nígbà tí Lander kò gbà, ó yíjú sí ọ̀gá rẹ̀. Clapperton kúrò ní ìlú, Zuma gun ẹṣin tẹ̀ lé e pẹ̀lú onílù! Ẹ̀rù ba ọba Wawa pé ó fẹ́ dìtẹ̀. Ó dá Lander àti ẹrù wọn dúró títí Zuma fi padà wálé.

Ní Sókótó, ẹ̀rín tán. Ní oṣù kẹta ọdún 1827, ìgbẹ́ ọ̀rìn dá Clapperton dùbúlẹ̀. Lander ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i, ó ń kàwé fún un. Lójoojúmọ́, ó ń gbé e jáde lọ síbi ìbòòji. Ẹni tí a gbé sọdá odò ti di ẹni tí ń gbé ni. Clapperton kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin. Ràkúnmí ni ó gbé òkú rẹ̀ lọ sí ìletò kan. Lander fúnra rẹ̀ ka àdúrà ìsìnkú, omijé sì ń dà sórí ìwé náà. Ó sanwó kí wọ́n kọ́ àtíbàbà sórí ibojì náà.

Lẹ́yìn náà, ó kó ìwé ọ̀gá rẹ̀ jọ, ó rìn padà dé Àgbádárìgì, ó sì kó wọn délé ní ọdún 1828. Ní ọdún 1830, òun àti àbúrò rẹ̀, John, padà wá. Wọ́n tọ Ọya dé òkun.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé Clapperton gbé Lander? Lander ni ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aláàárù tí ó ru ẹrù wọn kò ní orúkọ nínú ìwé kankan. Ohun tí a kò bá kọ, òjò ọdún a máa gbá a lọ.

Ìbéèrè
1. Kí ni Clapperton àti Lander ń wá?
2. Kí ni ó dé tí ọba Wawa fi dá Lander dúró?
3. Báwo ni Lander ṣe san oore ọ̀gá rẹ̀ padà?
4. Ta ni ó ràn yín lọ́wọ́ rí lójú ọ̀nà? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tí ó ṣe.