Orin àti Ijó Lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà Tó Ń Tọ́ Ọmọ Ọmọ

Orin àti ijó tó yẹ àgbà tó ń tọ́ ọmọ ọmọ jẹ́ eré àjọṣe: ẹnì kan á dá orin, àwọn yòókù á gbè é. Nílẹ̀ Yorùbá, àlọ́ àpagbè ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà á máa pa ìtàn Ìjàpá lọ; tó bá kan orin, àwọn ọmọ á gbè é, wọn á sì máa pàtẹ́wọ́. Adébóyè Babalọlá kó irú ìtàn bẹ́ẹ̀ jọ sínú Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà wọ́n láìkọrin ti se ọbẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i.

Ègbè yìí ló ń kọ́ ọmọ ní ohùn. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí ahọ́n rẹ̀ kò tíì yí dáadáa á ti mọ ibi tí ohùn ti ròkè àti ibi tó ti wálẹ̀. Oríkì náà ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀: ọmọ tí wọ́n ń kì láràárọ̀ á mọ ìdílé rẹ̀ kó tó mọ ABD.

Ní ti ijó, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 pé kí ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin máa fi ìṣẹ́jú 180, ó kéré tán, ṣeré kiri lójúmọ́. Ní 2020, wọ́n ní kí ẹni tó ti tó ọdún 65 máa ṣe eré tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró ṣinṣin, ó kéré tán lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ijó kan náà lè ran tọmọdé tàgbà lọ́wọ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 2003, tí wọ́n fi àgbà 469 ṣe ní Bronx ní New York, rí i pé àrùn ìgbàgbé kò fi bẹ́ẹ̀ mú àwọn tó ń jó déédéé. Ìyẹn kò ní kí ẹnikẹ́ni pe ijó ní oògùn.

Ohun èlò kò wọ́n. Agolo mílíìkì tí wọ́n rọ àgbàdo gbígbẹ sí ti di ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá ti fi téèpù lẹ ìdérí rẹ̀ pinpin. Ìdí ni pé ọmọ tó bá rí àgbàdo nílẹ̀ á jù ú sẹ́nu. Àgbà tí orúnkún ń dùn á jókòó sórí àga tí kì í mì, á fi èjìká àti ọwọ́ jó, àwọn ọmọ á sì máa jó yí i ká. Kò gbọdọ̀ pọn ọmọ kó tún máa jó bàtá. Eékún ọmọ ogún ọdún ni bàtá ń fẹ́.

Ó tún dára kí àgbà mẹ́ta mẹ́rin máa kó ọmọ ọmọ wọn jọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lábẹ́ igi àdúgbò. Ọmọ títọ́ lọ́jọ́ ogbó máa ń jẹ́ kí ènìyàn dá wà, àmọ́ nínú agbo, ẹnì kan á bá a gba ọmọ kó lè sinmi díẹ̀.

Dípò irú eré bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ra fóònù ńlá fún àwọn ọmọ rẹ̀ tó kó sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kí wọ́n má baà yọ ọ́ lẹ́nu. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Ọmọ ọdún kan kò tilẹ̀ gbọdọ̀ wò ó rárá. Inú rere ni ẹni náà fi ra fóònù, ṣùgbọ́n ìran tó ṣáájú rẹ̀ náà fi inú rere gba ìlù lọ́wọ́ ọmọ wọn, wọ́n ní iṣẹ́ alágbe ni. Ọmọ náà kàwé, ó di ọ̀gá. Lọ́jọ́ tí ọmọ ọmọ rẹ̀ ní kó pa àlọ́, kò rí orin kankan dá. Kí ẹni tó ra fóònù yáa máa fi owó dátà rẹ̀ san onílù, kó sì máa wálé lọ́jọ́ Sátidé wá gbe orin ìyá rẹ̀.