Ọ̀gá mi ní òun "taken aback": ṣé ìyìn ni àbí ìbáwí?

Olóòtú ọ̀wọ́n, Mo fi ìròyìn iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá wa ní London, wọ́n sì fèsì pé ìròyìn náà mú àwọn "taken aback". Ọkọ mi ní wọ́n ń yìn mí ni. Ọ̀rẹ́ mi ní wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Èwo ni kí n gbà?
Akọ̀wé, Ìbàdàn

Arábìnrin mi, ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Kò sẹ́ni tó gbà á nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí ọ̀gá yín sọ ni pé nǹkan kan níbẹ̀ bá àwọn lójijì débi pé ọ̀rọ̀ kò tètè wá sí wọn lẹ́nu.

Ọ̀dọ̀ àwọn atukọ̀ òkun ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ yìí. Láyé ọkọ̀ onígbòkun, bí atẹ́gùn bá ṣàdédé yí padà tó fẹ́ wá láti iwájú, á lẹ ìgbòkun mọ́ òpó. Ọkọ̀ tó ń sáré bọ̀ á dúró, ó tilẹ̀ lè máa fi ẹ̀yìn rìn, òpó sì lè kán. Wọ́n á ní ọkọ̀ náà ti di "taken aback". Nígbà tí òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, Charles Dickens, fi máa tẹ ìwé ìrìn àjò rẹ̀ sí Amẹ́ríkà jáde ní 1842, ènìyàn ni òun ń lò ó fún.

Èèyàn lè lò ó fún oore tí kò retí. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà iṣẹ́, pàápàá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ohun tó dùn ún, ohun tí kò tẹ́ni lọ́rùn ló sábà máa ń jẹ́. Nítorí náà, ẹ má fi dídákẹ́ dá wọn lóhùn. Ẹ má sì tíì bẹ̀bẹ̀, torí ẹ kò mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn yín. Ẹ bi wọ́n pé apá wo nínú ìròyìn náà ni, kí ẹ sọ pé ẹ ti múra tán láti ṣàlàyé.

Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ lò ó, ẹ má gbàgbé "a" tó wà níwájú "back". Bí ẹ bá yọ ọ́, ìtumọ̀ á di pé wọ́n dá yín padà síbi tí ẹ ti wá. Bóyá ohun tó ṣi ọ̀rẹ́ yín lọ́nà nìyẹn. "By" tàbí "at" ló ń tẹ̀ lé e.

Ẹ fèsì lónìí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ tún gbogbo iye owó inú ìròyìn yẹn ṣírò.