Ẹ̀yin Tó Fẹ́ Pààrọ̀ Sípíkà Jeep

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ti ká òrùlé Jeep Wrangler kúrò, báàsì ló kọ́kọ́ ń sọnù sínú afẹ́fẹ́. Ẹ má tìtorí ẹ̀ sáré ra sípíkà gàgàrà. Ámúpù ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí wáàtì RMS rẹ̀, ìyẹn agbára tó ń gbé jáde láìdáwọ́dúró, bá ti sípíkà mu. Sípíkà ọkọ̀ ojú omi ló dára jù, torí òjò àti oòrùn kì í tètè bà á jẹ́. Ẹ fi fíúùsì sára wáyà ámúpù, nítòsí bátìrì gan-an. Wáyà tó bó lè dáná sun ọkọ̀.

Etí yín ló jẹ mí lógún jù. Bí ariwo bá tó decibel 85, wákàtí 8 lóòjọ́ ti tó. Bó bá di 88, wákàtí 4 péré. Etí tó bàjẹ́ kò ṣeé pààrọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí ohùn sípíkà wálẹ̀.