Ta Ló Gbé Ọkọ̀ Sókè?

Lórí rédíò Yorùbá kan tó ń sọ̀rọ̀ láti London lórí íntánẹ́ẹ̀tì, atọ́kùn ètò gba ọkùnrin kan lálejò tó ní kámpà, ìyẹn mọ́tò tí wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti kọ́bọ́ọ̀dù sínú ẹ̀, tí tọkọtaya lè wọ̀ láti London títí wọ òkè Scotland láìsan kọ́bọ̀ fún hòtẹ́ẹ̀lì. Volkswagen T3 ni tirẹ̀, ọdún 1984 ni wọ́n ṣe é. Àlejò náà mọ ohun tó ń sọ, ẹnu mẹkáníìkì ló sì fi ń sọ ọ́. Atọ́kùn ló wá ju òkúta sínú gàrí: "Sà, ẹ jẹ́ kí àwọn olùgbọ́ wa mọ̀ nípa ìgbésókè tí ẹ ti ṣe sí ọkọ̀ yín."

Ìgbésókè kẹ̀? "Upgrade" ti Gẹ̀ẹ́sì ló tú báyẹn. Ẹni tó bá gbọ́ èyí ní Ìbàdàn yóò ti rò pé jáàkì ti wọ abẹ́ mọ́tò, táyà ẹ̀yìn kan ti kúrò nílẹ̀, fọkanáísà sì ti ń tú nọ́ọ̀tì. Ohun tí ọkùnrin náà ṣe kò jọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ó yọ bátìrì olómi tó ń fún inú ilé níná, ó fi ti lithium sí i. Ó gbé sólà sórí òrùlé. Ó pààrọ̀ gílóòbù tó ń jẹ iná wáàtì 10 sí LED tí wáàtì 2 tó fún. Mọ́tò wà nílẹ̀ ní tirẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn.

Ká má purọ́, ohun kan wà lára irú mọ́tò yìí tí wọ́n ń gbé sókè. Ilé-iṣẹ́ Westfalia ní Wiedenbrück, ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í kó bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù sínú bọ́ọ̀sì Volkswagen ní 1951, ọdún kan péré lẹ́yìn tí bọ́ọ̀sì náà jáde. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe òrùlé tó ń gbéra, kí ẹni tó ga lè dúró dáadáa nínú ẹ̀, kí ọmọdé sì rí ibi sùn lókè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Dormobile ní Folkestone ṣe tiwọn tó ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ká ní òrùlé yìí ni atọ́kùn ń bi àlejò léèrè, abala yìí ì bá kí i kú iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí atọ́kùn ń wá, tó sì fò dá, ni tún … ṣe. Àmì mẹ́ta tó wà láàárín yẹn ṣe pàtàkì, nítorí ibẹ̀ ni ohun tí à ń tún ṣe máa ń jókòó sí. "Ó tún ọkọ̀ náà ṣe": mọ́tò ti ń lọ, kí onítọ̀hún sanwó. "Ó tún ṣe ọkọ̀ náà": ó ti ṣe é tẹ́lẹ̀, kò tẹ́ olówó lọ́rùn, wọ́n ní kó padà wá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹyọ-ẹyọ wọn, ipò nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "tún ọ̀rọ̀ náà sọ" kì í ṣe ẹgbẹ́ "tún sọ ọ̀rọ̀". Ẹni tó ń ṣe èkíní fẹ́ kó yéni. Ẹni tó ń ṣe èkejì kò tíì sú.

Àwọn kan á ní "lẹ́ẹ̀kan sí i" náà ni gbogbo rẹ̀, pé ohun tí a tún ṣe, a ti ṣe é rí ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ọ̀tá ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó wo ìbátan rẹ̀. Ọ̀tá rẹ̀ ni bà … jẹ́. Ẹnìkan ba ilé jẹ́, ẹnìkan tún ilé ṣe. Ẹnìkan ba orúkọ jẹ́, ẹnìkan tún orúkọ ṣe. Ọ̀rọ̀ méjèèjì lanu bákan náà, ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ló wà láàárín wọn. Ó sì tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá tó ní kí ọmọ òun lọ tún yàrá ṣe kò sọ pé yàrá wó. Ìyàwó ọ̀ṣìngín tó tún ara ṣe kí ó tó jáde kò ní àbùkù kankan lára tẹ́lẹ̀. Ó dára, ó wá dára sí i. Láyé àwọn babańlá wa ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣe iṣẹ́ tí atọ́kùn ń wá ìgbésókè fún.

Wọ́n tilẹ̀ ti fi í sọmọ lórúkọ. Tún tó wà nínú Babátúndé, Yétúndé àti Túnjí ni tún ti ìpadàbọ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Awùjalẹ̀ tó wà lórí ìtẹ́ nígbà tí àwọn Òyìnbó bá Ìjẹ̀bú jagun ní Ìmagbọ̀n ní 1892. Túnwàṣe ni wọ́n ń pè é. Bí a bá tú orúkọ náà, ìwà ló wà láàárín. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí "ẹni tó hùwà lẹ́ẹ̀kejì" yóò tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Ìjẹ̀bú. Àwọn babaláwo náà máa ń kí Ọ̀rúnmìlà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń tún orí tí kò sunwọ̀n ṣe. Nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá sì jáde ní 1884, ìwé Nehemáyà orí kẹta kún fún ọ̀rọ̀ yìí: odi Jerúsálẹ́mù àti ibodè rẹ̀, bí ẹnìkan ti ń tún ibì kan ṣe ni ẹnìkejì ń tún ibòmíràn ṣe. Orí, ìwà, odi ìlú: àwọn ohun tí tún … ṣe ń bójú tó nìyẹn kí kàbùrétọ̀ tó dé.

Àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó ń ru orúkọ àtún- ló dá wàhálà sílẹ̀. Àtúnbí, àtúnwá, àtúnyẹ̀wò, àtúnlò, àtúndì ìbò: "lẹ́ẹ̀kan sí i" ni gbogbo wọn. Àtúntò tí àwọn olóṣèlú ń pariwo rẹ̀ fẹsẹ̀ kan síbí, ó fẹsẹ̀ kan sọ́hùn-ún. Nígbà tí àtúnṣe wá jókòó láàárín irú àwùjọ báyìí, kò yani lẹ́nu pé àwọn oníwàásù ń sọ fún ìjọ pé àtúnṣe ni kí Ọlọ́run ṣe ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Òmíràn tilẹ̀ máa ń so tún pọ̀ mọ́ tuntun àti ọ̀tun, bí ẹni pé ohùn orí ọ̀rọ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Bí tún àti tuntun bá jẹ́ ọmọ ìyá nítorí pé lẹ́tà wọn jọra, ọkọ́ àti ọkọ̀ náà jẹ́ ọmọ ìyá nìyẹn, kí wọ́n máa fi mọ́tò ro oko.

Wàyí o, ọgbà mẹkáníìkì. Àwọn tó bá mọ Èkó dáadáa kò nílò ìtọ́sọ́nà, torí pé àbúrò dáńfó àtijọ́ ni T3 yìí, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Ní 1975 ni Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ìjàpá pọ̀ ní ojú ọ̀nà Badagry, ẹ́ńjìnnì tòun náà sì wà lẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ ló ń tù ú lára, kò ní ráàdíétọ̀. T3 bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1979, ṣùgbọ́n nígbà tó fi di 1983, Volkswagen ti yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sí olómi. Ẹ́ńjìnnì ṣì wà lẹ́yìn, ráàdíétọ̀ wá wà níwájú. Páìpù gígùn ló ń gbé omi gba abẹ́ mọ́tò láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sì ń gbé e padà. Ibẹ̀ ni àgbàlagbà T3 ti ń bínú. Páìpù á dógùn-ún, tàbí afẹ́fẹ́ á há sínú ẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbóná nígbà tí ráàdíétọ̀ tutù minimini. Nígbà tí wọ́n bá ń da omi tuntun sí i, wọ́n ní láti gbé imú mọ́tò náà sókè kí afẹ́fẹ́ tó há lè gba orí ráàdíétọ̀ jáde. Ìgbésókè gidi nìyẹn, ó sì wà nínú àtúnṣe.

Lára irin náà, ojú ìsopọ̀ ni ìpáàrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Panẹ́bítà tó bá mọ iṣẹ́ kò ní kàn kun ọ̀dà lé e. Yóò ha á dé ibi tí irin ti mọ́, yóò gé èyí tó ti jẹrà, yóò jó òmíràn sí i, kó tó tún un kùn. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: tún un jó, tún un kùn, tún un so. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó ń ṣe àtúnṣe sí.

Ṣe àtúnṣe sí: àìsàn àwọn agbóhùnsáfẹ́fẹ́ nìyẹn. Wọn kì í bẹ ènìyàn wò mọ́, àbẹ̀wò ni wọ́n ń ṣe sí i. Wọn kì í tún ọ̀nà ṣe, àtúnṣe ni ìjọba ń ṣe sí ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ méjì tó mọ́lẹ̀ di mẹ́ta tó sanra. Ó ti pẹ́ tí abala yìí ti ń kùn sí i, kùnrùngbùn náà kò sì tíì tán. Ṣùgbọ́n ẹ wo òfin. "Wọ́n tún òfin náà ṣe" fẹ́ jọ pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ kàn. "Wọ́n ṣe àtúnṣe sí òfin náà" ń sọ pé apá kan ni wọ́n tọ́, ìyókù wà bó ṣe wà. Ó dáa, ẹ gbà á, ọ̀rọ̀ náà ti rí iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó pààrọ̀ gílóòbù nínú kámpà, tí kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, ó ṣe àtúnṣe sí i lóòótọ́.

Bátìrì wá ni ibi tí gbogbo ẹ̀ ti lọ́pọ̀. Bátìrì olómi tí wọ́n kọ 100 amp-hour sí lára, kò yẹ kí èèyàn lò ju bí ìdajì lọ nínú ẹ̀ kó tó tún gba iná, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò tètè kú. Ti lithium tó jẹ́ iye kan náà, èèyàn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ lò ó tán, kò sì tó ìdajì àgbà rẹ̀ ní ìwọ̀n mọ́ nígbà púpọ̀. Àbùkù tirẹ̀ ni pé wọn kì í fún un níná nígbà tí òtútù bá wọ ìsàlẹ̀ 0°C, ó sì lè fa iná lọ́wọ́ ọ́tánétọ̀ àtijọ́ títí ọ́tánétọ̀ á fi gbóná kọjá ààlà, nítorí náà rewáyà gbọ́dọ̀ fi ohun tí yóò máa díwọ̀n iná sáàárín wọn. Ó dáa: bátìrì olómi kú, wọ́n fi ti lithium dípò rẹ̀. Ṣé wọ́n tún un ṣe ni, àbí wọ́n mú un dára sí i? Bí mọ́tò bá ti pé ogójì ọdún, ìdáhùn kan náà ni. Kì í sí ohun tó bàjẹ́ nínú ẹ̀ tí èèyàn á lọ wá irú rẹ̀ gan-an padà.

Ó yani lẹ́nu pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààlà sí ọ̀rọ̀ yìí ju rédíò lọ. Ọkọ̀ tó bá ti lé ní ọdún 40 lè bọ́ lọ́wọ́ MOT, ìdánwò tí mọ́tò ń ṣe lọ́dọọdún níbẹ̀, bí kò bá sí ìyípadà ńlá nínú ẹ̀ láàárín ọdún 30 tó ṣáájú. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kì í san £12.50 tí wọ́n ń gbà lóòjọ́ lọ́wọ́ mọ́tò eléèéfín ní London, owó tó ti kárí gbogbo ìlú náà láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 2023. Mọ́tò ọdún 1984 ti tó ẹgbẹ́ náà í wọ̀. Tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe títí, kò sí ẹni tí yóò bi ọ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn oní-T3 máa ń sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, wọ́n á gbé ti Subaru síbẹ̀, torí pé ó lágbára jù láti gun òkè. Ìyẹn kọjá àtúnṣe. Ìyípadà ńlá ni, mọ́tò náà á padà sẹ́nu ìlà MOT. Láàárín tún un ṣe àti pààrọ̀ rẹ̀, owó àti wàhálà wà níbẹ̀.

Bí àlejò rédíò náà bá ti wá ha mọ́tò látòkè délẹ̀, tó kùn ún, tó rán ìbòrí ìjókòó tuntun, tó sì so gbogbo wáyà rẹ̀ lọ́tun, ọ̀rọ̀ Yorùbá ti wà nílẹ̀ fún un: ó sọ ọ́ dọ̀tun. Ṣọ́ọ̀ṣì ti gba ìsọdọ̀tun fún ìsọjí, àwọn ọ́fíìsì ti gbà á fún ìwé-àṣẹ tó fẹ́ tán, kò sì sí ìdí tí panẹ́bítà kò fi lè gbà á. Fún sólà, bátìrì àti gílóòbù, tún … ṣe tó, àtúnṣe náà tó. Àwọn aláìbìkítà tó ń fi àtúnṣe kó ohun gbogbo ti borí, abala yìí sì ti rí i pé ìyàwó ọ̀ṣìngín ti wà lẹ́yìn wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ìgbésókè nìkan ni kò ní ẹlẹ́rìí.

Ó ku sáfíìsì, tí àwọn olùṣọ́ èdè máa ń tìtorí rẹ̀ bá mẹkáníìkì jà. Wọ́n ní kí ló dé tí wọn kò lè máa sọ ìtọ́jú. Ẹ lọ dán an wò. Ẹ wọ ọgbà mẹkáníìkì ní Mushin, kí ẹ sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ bá mi tọ́jú mọ́tò yìí." Yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín, yóò wá ibi tí oòrùn kò ti ní pa á, yóò sì bi yín pé ìgbà wo lẹ máa padà wá gbé e. Tọ́jú owó, tọ́jú àlejò, tọ́jú aláìsàn, tọ́jú ẹran ilé dọjọ́ ọdún: iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kó bá yín sáfíìsì ẹ̀, ọmọ iṣẹ́ á ti sáré lọ ra ọ́ìlì, fílítà àti pílọ́ọ̀gì kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀.